Bí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣe Ń Bá Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Jókòó Tí Ọ̀rọ̀ Fi Ń Di Òfin Tàbí Owó

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń kọ sí aṣòfin wọn jọra bí ìbejì. Ọ̀nà wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, omi, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ohun mẹ́rìndínlógún tí wọ́n tò bí orúkọ ọmọ iléèwé nínú rẹ́jísítà. Ọnárébù á gbà á, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, lẹ́tà kan náà ni wọ́n á tún tẹ̀, wọ́n á kàn yí déètì orí rẹ̀ padà. Ẹ̀bi yẹn kì í sábà jẹ́ ti aṣòfin nìkan. Lẹ́tà náà ò sọ èyí tó ká ìlú lára jù nínú mẹ́rìndínlógún, kò sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí aṣòfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Alága, káńsẹ́lọ̀, akọ̀wé àti olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ la kọ èyí fún, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ 137 wà lápapọ̀. Ará Kwara àti Kogi náà lè mú un lò, ìwé òfin ọdún 1999 kan náà ló ń darí gbogbo wa.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ aṣòfin

Aṣòfin kì í la ọ̀nà, kì í gbẹ́ kànga, kì í gbani síṣẹ́. Irinṣẹ́ mẹ́rin ló ní.

Òfin ni ti àkọ́kọ́. Ó lè gbé àbádòfin tuntun wá, ó sì lè ní kí wọ́n tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Ìkejì ni ìsúná. Gómìnà ni yóò gbé àbá ìsúná síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí ọdún tuntun tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí abala 121 ìwé òfin ọdún 1999 ti wí, àwọn aṣòfin ni yóò tú u wò, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìkẹta ni àyẹ̀wò. Abala 128 fún ilé láṣẹ láti wádìí bí iléeṣẹ́ ọba ṣe ń ná owó àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, abala 129 sì jẹ́ kí wọ́n lè pe ènìyàn tàbí béèrè ìwé. Ìkẹrin ni àbá, ìyẹn kí aṣòfin dìde nínú ilé, kó ní kí ilé rọ gómìnà tàbí kọmíṣánnà kan pé kó ṣe nǹkan báyìí. Àbá ló yá jù, ìjókòó kan ṣoṣo lè parí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gómìnà lè kà á kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Síbẹ̀ àbá ni ọ̀pọ̀ aṣòfin máa ń fún ìlú, torí kò ná wọn ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ òfin tàbí owó ni ẹ wá gbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àbá dí yín lẹ́nu.

Òfin ní tirẹ̀ ń gba àkókò, ó sì ń gba èrò. Ó gbọ́dọ̀ kọjá kíkà àkọ́kọ́, kíkà kejì, ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó àti kíkà kẹta kó tó dé ọ̀dọ̀ gómìnà, tó ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Tó bá kọ̀, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tún un gbé jáde. Èyí jẹ́ 27 nínú 40 l'Ékòó, 22 nínú 32 ní Ọ̀yọ́, àti 18 nínú 26 ní Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó tàbí Èkìtì. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ìbò kan péré ni Ọnárébù tiyín ní. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ òfin gbọ́dọ̀ ti bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí àwọn náà ti sọ ọ́ sí etí aṣòfin tiwọn. Ibi tí ẹgbẹ́ àwọn alága, ALGON, ti wúlò jù nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín ẹrù sí òkìtì mẹ́ta

Kí káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ohun méjì wá láti wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó má ju méjì. Tí wọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ mẹ́wàá, ogún ohun ló máa wà lórí tábìlì. Ẹ pín in sí mẹ́ta.

Òkìtì àkọ́kọ́ ni ohun tó jẹ́ tiyín. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ti tò ó: ọjà, odò ẹran, gáréèjì, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, itẹ́ òkú, gọ́tà àti ọ̀nà àdúgbò, iná òpópónà, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, ìkólẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Ẹni tó bá gbé gọ́tà ọjà tọ aṣòfin lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa gbà: kí lẹ fi owó tó ń wọlé lóṣooṣù ṣe? Ó sì tọ́ kó béèrè. Ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò àpapọ̀ ni ti ìjọba ìbílẹ̀.

Òkìtì kejì ni ti Àbújá: ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ọlọ́pàá, rélùwéè ìjọba àpapọ̀. Ẹ kó o sí fáìlì ọ̀tọ̀ fún sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin yín. Ọ̀nà ló ń da òkìtì yìí rú jù, torí ojú lásán ò lè mọ ọ̀nà ta ni. Kí ẹ tó kọ orúkọ ọ̀nà kankan sílẹ̀, ẹ ní kí ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́rìí sí i lórí ìwé bóyá ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ ni.

Ohun tó bá kù ni òkìtì kẹta, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ọ̀nà ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìlera ìpínlẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Iná mànàmáná ti bọ́ síbẹ̀ báyìí: láti oṣù Kẹta ọdún 2023 tí wọ́n tún ìwé òfin ṣe, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin iná kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Àwọn káńsẹ́lọ̀ tó ṣì ń sọ pé “ti Àbújá ni iná” ti kẹ́yìn.

Àwọn nǹkan kan wà tó dà bíi pé òkìtì àkọ́kọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọn ò lè yanjú láìsí ilé ìgbìmọ̀. Owó-orí ilé ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ìwé òfin fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti díwọ̀n ilé, ó sì ní bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀ ni kí wọ́n gbà á. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. L'Ékòó, òfin Land Use Charge ti ọdún 2001 pa owó-orí ilé pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀ sábẹ́ ìwé owó kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dá LASAA sílẹ̀ lọ́dún 2006 láti máa bójú tó pátákó ìpolówó, bẹ́ẹ̀ àfikún kẹrin ka pátákó ìta mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ bá aṣòfin, torí òfin ló dá a sílẹ̀, òfin náà ló lè tún un ṣe.

Ohun méjì tí a ò gbà yín níyànjú láti gbé wá ni wọ̀nyí. Ìkíní ni “ẹ fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ tuntun”. Abala 8 gba ìbéèrè tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú agbègbè náà fọwọ́ sí, ó gba ìdìbò àwọn ará agbègbè náà, ó gba ìfọwọ́sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù àti ti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba òfin láti Àbújá. Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 rẹ̀ lọ́dún 2002. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ lóṣù Kejìlá ọdún 2004 pé òfin náà tọ́ ní tirẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì pé títí Àbújá yóò fi ṣe èyí tó kù. Títí dòní, LCDA, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, la mọ̀ wọ́n sí. Tí ẹ bá fi èyí kún ohun mẹ́ta tí ẹ máa mú ní ìgbésẹ̀ kẹta, ó máa jẹ àyè ohun tó lè ṣeé ṣe lọ́dún yìí.

Ìkejì ni “ẹ fún wa ní òmìnira owó” láìsọ ohun kan pàtó. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, àti pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso rẹ̀. Ẹjọ́ ti dá. Ohun tó kù lọ́wọ́ aṣòfin yín ni òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò ìjọba ìbílẹ̀ kà á láti ojú ewé kìn-ín-ní. Abala tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹjọ́ náà ò wáyé, ẹ kọ ọ́ sí apá òsì ìwé bó ṣe wà, ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ aṣòfin lè gbé tọ àwọn tó ń kọ òfin nílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nípa òmìnira kò ṣeé gbé fún akọ̀wé òfin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mú mẹ́ta péré

Ìjà wà níbí, nítorí kò sí káńsẹ́lọ̀ tó máa fẹ́ kí wọ́n yọ ti wọ́ọ̀dù òun. Ẹ fún káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò mẹ́ta. Ẹ gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tó kù nínú òkìtì kẹta. Kí oníkálukú sọ ọmọ ayò rẹ̀ síbi tó wù ú, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ sí ife wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Nítorí òfin kékeré yìí, á ní láti wo wọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, ohun tó bá sì kan wọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń borí. Ẹ ka ọmọ ayò níwájú gbogbo ènìyàn, kí akọ̀wé kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú mẹ́ta tó bá gba iwájú, ó dára kí ọ̀kan jẹ́ òfin, kí ọ̀kan jẹ́ owó, kí ìkẹta jẹ́ àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ owó ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó máa bá ara yín jà nínú ìsúná kan náà. Àyẹ̀wò kì í ná ìpínlẹ̀ lówó, ó sì lè mú owó wá. Bí àpẹẹrẹ, abala 162 ní kí ìpínlẹ̀ máa san apá kan nínú owó tó ń pa wọlé fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kí Ọnárébù béèrè nínú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó pé èló ni wọ́n san, oṣù wo ni wọ́n san án kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ẹ̀rí tí ẹlòmíràn lè kà

“Ọ̀nà náà bàjẹ́ gan-an” ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ kọ́fátì tó wó ni, ẹ wọn fífẹ̀ ẹnu páìpù, ẹ ka iye rẹ̀, ẹ wá àmì ibi tí omi ga dé lára ògiri tàbí igi tó wà létí odò, kí ẹ sì wọn gíga rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ìwọ̀n àmì omi yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun ló sì ń fa wàhálà jù lọ́jọ́ iwájú. Páìpù tó wó, ó lè jẹ́ pé ó kéré fún omi ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ kan náà rọ́pò rẹ̀, omi á gbé ọ̀nà náà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ìlú á sì ní Ọnárébù ló ṣe iṣẹ́ jẹunjẹun.

Ẹ ka àwọn tó ń kọjá. Ẹ fi ènìyàn méjì síbẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ ọjà kan àti lọ́jọ́ lásán kan, kí wọ́n máa fa ìlà fún ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, mọ́tò àti ẹlẹ́sẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan lójú ìlà tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà nìkan lẹ kà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde á rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹ fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe ojú ayé.

Fọ́tò: ẹ dúró síbì kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Ẹ gbé ọ̀pá mítà kan sínú fọ́tò náà kí ìwọ̀n lè hàn. Ẹ fi fóònù mú nọ́ńbà ibi tí ẹ dúró lórí máàpù, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ má kó fọ́tò ogún wá. Méjì ti tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìwé ojú kan

Ohun kọ̀ọ̀kan gba ìwé ojú kan, A4, lẹ́tà tó tóbi tó 12. Ojú kejì ìwé kò ní nǹkan kan lára. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí, àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ti ìlú kan:

Ọ̀RỌ̀ 1: Kọ́fátì odò Lágbájá, láàrin Wọ́ọ̀dù 4 àti Wọ́ọ̀dù 7.
Bó ṣe rí: Páìpù 2, ẹnu ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 900 mm. Ti apá ọ̀tún ti wó. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá omi ń gba orí ọ̀nà kọjá. Àmì omi fi mítà 0.4 ga ju ojú ọ̀nà lọ. Mọ́tò ń yípo kìlómítà 11.
Ta ló kàn: Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 2, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 1, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún 1. Ọjọ́ ọjà: ọ̀kadà 412, mọ́tò 63, ẹlẹ́sẹ̀ 1,150. Ọjọ́ lásán: ọ̀kadà 170, mọ́tò 21, ẹlẹ́sẹ̀ 430.
Ọ̀nà ta ni: Ti ìpínlẹ̀. A so ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn.
Iye tó máa gbà: Ẹ kọ iye náà, orúkọ ipò ẹni tó ṣírò rẹ̀, àti ọjọ́ tó ṣírò rẹ̀.
Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ṣe: Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mítà 60, látinú àpò tiwa.
Ohun tí a ń bẹ Ọnárébù: Kí iṣẹ́ yìí wọ àbá ìsúná iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ti ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà tirẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ìlà tó gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ṣe é. Ìlà tó ṣíwájú rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó mọ́ aṣòfin lára láti bá ẹni tó ti ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju ẹni tó na ọwọ́ òfìfo lọ.

Ọjọ́ tí owó orí ìwé yẹn ṣírò ṣe pàtàkì. Iye owó sìmẹ́ńtì àti irin kì í dúró sójú kan, ìṣirò tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ kò ṣeé gbé kalẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dá ọjọ́, ẹ pe àwọn tó yẹ

Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń lọ bá aṣòfin lóṣù Kọkànlá, nígbà tí gómìnà ti gbé ìsúná wọ ilé. Ìrìn àjò ti pẹ́ nígbà yẹn. Aṣòfin lè jà fún un, àmọ́ kí nǹkan tuntun tó wọlé, nǹkan ẹlòmíràn ní láti jáde. Ìgbà tó dára jù ni oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, kí iléeṣẹ́ ọba tó fi àbá tiwọn ránṣẹ́. Ọnárébù lè wá bá kọmíṣánnà sọ̀rọ̀ nígbà tí bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ òfin lẹ fẹ́, oṣù Kejì tàbí Kẹta sàn, nígbà tí ariwo ìsúná ti rọlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ló rọrùn jù, torí ilé kì í sábà jókòó lọ́jọ́ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kí ẹ lè parí kí wọ́n tó pe Jímọ̀. Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà ọjà wò tí Ìyálọ́jà bá máa wá.

Ta ni ẹ máa pè? Èyí kò rí bákan náà káàkiri. L'Ékòó, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ogún ní aṣòfin méjì. Ẹ pe àwọn méjèèjì pọ̀ sínú yàrá kan, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ti àkọ́kọ́ á rò pé ìkejì ń ṣe é lọ. Ní Ọ̀yọ́, ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló ń pín ìjókòó 32, ní Ọ̀ṣun 30 ló ń pín 26. Tí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín bá jọ ní aṣòfin kan, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó pẹ̀lú aládùúgbò yín, ẹ fẹnu kò lórí ohun kan tó kan ìlú méjèèjì. Aṣòfin tó bá gbọ́ ohùn kan láti ẹnu alága méjì, ó mọ̀ pé ìbò gbogbo ẹkùn òun ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ̀wé sí kọmíṣánnà ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pé ìpàdé wà. Ẹ kò tọrọ àṣẹ, ẹ kàn ń fi tó o létí ni. Tó bá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, á rò pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀yìn òun, ohun tí ìpàdé bá sì bí á pàdé ìlẹ̀kùn títì ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Bí alága àti aṣòfin kò bá sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, kí lẹ́tà ìkésíni jáde lórúkọ ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀, kí ìpàdé wáyé ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ fìlà ẹgbẹ́ wá. Olórí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òṣèlú rárá, ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́.

Nípa ẹ̀bùn: oúnjẹ wà, omi wà, àpòòwé kò sí. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ọba tó wà ní àfikún karùn-ún ìwé òfin ka béèrè tàbí gba ẹ̀bùn nítorí iṣẹ́ ọba léèwọ̀, ó sì kan aṣòfin àti alága bákan náà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìjókòó gan-an

Ẹ mú aṣòfin lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ohun kan ní aago mẹ́jọ, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo, kó má ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Ẹni tó ti fi bàtà rẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ náà á sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́nà mìíràn nínú ilé.

Ẹ bá àwọn onílù sọ̀rọ̀ ṣáájú. Onílù tó bá ti rí Ọnárébù kò ní jẹ́ kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, oríkì á gba ìdajì wákàtí, owó á máa já, ohun tí a torí rẹ̀ pàdé á sì bọ́ sẹ́yìn. Kí wọ́n dúró níta, kí wọ́n lù nígbà tó bá ń lọ.

Wákàtí kan ààbọ̀ ti tó. Alága á kí i, á sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ohun tí Ọnárébù ti ṣe láti ìpàdé tó kọjá. Tí Kábíyèsí bá wà níbẹ̀, ẹ fún wọn láyè láti kọ́kọ́ gbàdúrà, kí ẹ sì ti sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú pé ohun mẹ́ta la mú wá, kí wọ́n má ṣèèṣì fi ìkẹrin kún un. Lẹ́yìn náà, ohun kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún àlàyé àti mẹ́wàá fún ìbéèrè. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù sọ ọ́: ẹnjiníà lórí kọ́fátì, nọ́ọ̀sì àgbà lórí ilé ìwòsàn, agbẹjọ́rò lórí òfin. Kí káńsẹ́lọ̀ tó ni wọ́ọ̀dù jókòó jẹ́jẹ́, àfi tí wọ́n bá bi í ní nǹkan.

Etí yín gbọ́dọ̀ mú fún ìdáhùn. “Mo ti gbọ́”, “a ó rí sí i”, “ó máa ṣeé ṣe lágbára Ọlọ́run”: ìdáhùn dáadáa ni lẹ́nu ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ bí ìlérí. Akọ̀wé á kọ “kò tíì fèsì” síwájú ohun náà. Kí alága wá fi ọ̀wọ̀ béèrè mẹ́ta yìí: “Ọnárébù, irinṣẹ́ wo lẹ máa fi bá wa ṣe é? Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó wo ló máa kọ́kọ́ dé? Ta ni ká máa pè ní ọ́fíìsì yín?” Tó bá sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè ìdí rẹ̀. Rárá tó ní ìdí nínú wúlò ju bẹ́ẹ̀ ni tí kò ní déètì.

Àwọn oníròyìn lè wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn. Tí kámẹ́rà bá wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpolongo lẹ máa gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lẹ́yìn tí mọ́tò rẹ̀ bá ti lọ

Láàrin ọjọ́ méjì, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́: ohun mẹ́ta, ìdáhùn tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó máa gbọ́ ọ, ìwé ojú kan mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀, ẹ̀dà kan sí ilé iṣẹ́ ọba tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó gbé e lọ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́ padà wálé. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, “a ò rí lẹ́tà kankan” ni wọ́n máa ń sọ lóṣù Kẹsàn-án.

Tí àbádòfin yín bá dé ìjókòó ìta gbangba, ẹ fi ènìyàn méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé èrò yín, ẹ̀dà kan fún ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan àti márùn-ún lé. Kí wọ́n má kà á láti òkè délẹ̀. Kí wọ́n sọ gbólóhùn tó yẹ kó yí padà, ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì jókòó.

Ti ìsúná ní ẹ̀tàn kan nínú. Owó tó wà lórí ìwé yàtọ̀ sí owó tí wọ́n tú sílẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀ sì ń kú sáàárín méjèèjì. Nígbà tí gómìnà bá ti buwọ́ lu ìsúná, ẹ wá a, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá orúkọ iṣẹ́ yín, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ “àtúnṣe àwọn kọ́fátì káàkiri ìpínlẹ̀” ni wọ́n kọ, kò tíì sí ohun tó jẹ́ tiyín níbẹ̀. Ẹ padà lọ bá Ọnárébù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo ìròyìn ìnáwó tí ìpínlẹ̀ ń gbé jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibi tí ẹ kò bá ti rí nọ́ńbà, ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011, tó fún ilé iṣẹ́ ọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Tí oṣù Kẹfà bá dé tí kọ́bọ̀ kò tíì jáde fún iṣẹ́ náà, ẹ kọ̀wé sí Ọnárébù pé kó pe iléeṣẹ́ náà wá síwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, kí ẹ so ìwé ojú kan ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, èyí tó ní òǹtẹ̀.